Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Ìkéde

Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ nínú àgbàlá kóòtù. Ó di ọwọ́ òsì obìnrin náà mú, ọwọ́ tó de ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sí, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé ohunkóhun tó bá wọlé sórí ẹ̀gbà náà lónìí, kó má ṣí i. Àwọn èèyàn ń ya wọ́n kọjá lọ sínú gbọ̀ngàn, ẹ̀gbà ọwọ́ wọn ń dún bí wọ́n ti ń gba abẹ́ àtẹ́rígbà, nítorí ní Odi-Ìdẹ̀ra, ilẹ̀kùn kankan kì í ṣí fún ẹni tí kò bá de ẹ̀gbà.

"Ẹ̀rí lórí ikú ọmọ mi ni o ní kí n má kà?" ìyá rẹ̀ bi í nígbẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kà á sí yín létí, Màámi. Ẹ má fi ojú ara yín kà á."

"Kí ló dé?"

Rẹ̀mílẹ́kún bojú wẹ̀yìn. Ọlọ́pàá kóòtù dúró sí tòsí, bí ó bá sì gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, yóò bọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọlé. Ó tún bẹ ìyá rẹ̀. Ìyá náà sọ fún un pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ́ Akínrẹ̀tí jáde nínú ẹrẹ̀ ni òun ti ń dúró de òní, pé òun fẹ́ fi ojú òun méjèèjì rí ọ̀rọ̀ tí yóò lé Ikúmápàyí tó pa á sẹ́yìn odi. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì wọlé.

Akínrẹ̀tí ni àbúrò Rẹ̀mílẹ́kún, ọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá wọn bí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sì máa ń sùn ní Àdúgbò Ẹrẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù lẹ́bàá odi tó dá òkun dúró. Ní ìdájí ọjọ́ kan tí òkun kún, ilẹ̀kùn omi tó wà lára odi ṣí sílẹ̀, omi sì ya wọ àdúgbò náà. Àwọn yòókù rí orí òrùlé gùn. Akínrẹ̀tí kò rí tirẹ̀ gùn.

Ẹ̀gbà kan ṣoṣo ni ilẹ̀kùn náà máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ẹ̀gbà Bàbá Ikúmápàyí tó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bi ilẹ̀kùn léèrè, ó fèsì pé Bàbá Ikúmápàyí ló ní kí òun ṣí, ó sì gbé ohùn bàbá náà jáde fún gbogbo èèyàn gbọ́. Bàbá náà ní òun ń run orín lọ́wọ́ ni, òun kàn ṣí Ojúde lórí ẹ̀gbà òun láti wo ìkéde ìkún òkun bí òun ti máa ń ṣe lójoojúmọ́, òun kò sọ ohunkóhun fún ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Òfin ìlú kò gùn, ọmọdé sì mọ̀ ọ́n lórí: ohùn ẹ̀gbà, ohùn ẹni tó dè é. Òfin yẹn ni wọ́n fi ń so yìgì, òun ni wọ́n fi ń pín ilé, òun ni wọ́n fi ń dìbò. Láti ìgbà tó ti dé, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sí nǹkan lánàá kó sì sẹ́ ẹ lónìí. Ẹni tó bá sì fi ẹ̀gbà pààyàn, ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń lé e lọ, níbi tí kò sí nǹkan mìíràn ju omi àti orí òrùlé àwọn ìlú àtijọ́.

Iléeṣẹ́ Ojúde ni Rẹ̀mílẹ́kún ti ń ṣiṣẹ́. Ojúde ni ìkànnì tí gbogbo ìlú ń kà: ìkún òkun wà níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àti kóòtù wà níbẹ̀, sọ́fítíwíà kan náà ló sì gbé gbogbo wọn ró. Lábẹ́ ìkéde kọ̀ọ̀kan ni àyè kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ju ọ̀rọ̀ sí. Iṣẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún ni láti máa ṣa èébú kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Akínrẹ̀tí kú, èébú tí wọ́n ń bu Bàbá Ikúmápàyí pọ̀ débi pé ó ń ṣa wọ́n bí ẹni ń ṣa èèrí nínú ìrẹsì. Ibi tó ti ń ṣa wọ́n ló ti kan ìkíni kan lábẹ́ ìkéde òkun ti ìdájí ọjọ́ náà. Gbogbo ohun tí ojú rí níbẹ̀ ni, Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Odi. Orúkọ ẹni tó ti di olóògbé tipẹ́ ló wà lórí rẹ̀. Èyí ló mú kó yí ìkíni náà dé, kó wo inú rẹ̀.

Inú rẹ̀ gùn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, àmì kékeré kan wà, láti ibi àmì yẹn lọ kì í ṣe ìkíni mọ́. Àṣẹ ni. Ó ń sọ fún ẹ̀gbà ẹni tó bá ń kà á pé kó fi ohùn olówó rẹ̀ sọ fún ilẹ̀kùn omi pé kó ṣí.

Ó yẹ kí asẹ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà Ojúde tí yóò máa yọ irú àmì bẹ́ẹ̀ kúrò, kí ọ̀rọ̀ ará ìlú lè jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Asẹ́ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ pé àwọn fẹ́ máa fi àwọ̀ àti àwòrán sí ọ̀rọ̀ àwọn, iléeṣẹ́ fẹ ojú asẹ́ náà, ohun tí kò yẹ kó kọjá sì ń bá a kọjá. Ẹ̀gbà kò mọ̀yàtọ̀. Ohun tó bá ti bá lórí Ojúde, ìlú ló gbà pé ó sọ ọ́, bí ìránṣẹ́ tó gbọ́ ohùn láti inú yàrá ọba tí kò wojú ẹni tó wà níbẹ̀ kó tó dìde. Ẹ̀gbà gbogbo ẹni tó ka ìkíni náà ní ìdájí ọjọ́ yẹn ló sọ fún ilẹ̀kùn omi pé kó ṣí. Ilẹ̀kùn kò ka ẹ̀gbà àwọn yòókù sí. Ti Bàbá Ikúmápàyí nìkan ló gbọ́.

Rẹ̀mílẹ́kún náà ka ìkéde yẹn lórí ibùsùn rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà. Nígbà tó rántí, ó mọ̀ pé ẹ̀gbà òun náà ti sọ fún ilẹ̀kùn pé kó ṣí.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gá Lánìíhùn. Ọ̀gá náà ti ilẹ̀kùn, ó sì ka àṣẹ náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọjọ́ tí wọ́n sin Akínrẹ̀tí, òun ló di ìyá Rẹ̀mílẹ́kún mú tí kò fi ṣubú sínú kòtò. Ó ní bí ìlú bá gbọ́ pé ẹ̀gbà lè purọ́ mọ́ olówó rẹ̀, ta ni yóò gbà pé òun ṣì jẹ́ ọkọ ìyàwó òun, ta ni yóò gbà pé ilé aládùúgbò kì í ṣe tòun. Ó tún ní kí wọ́n tó dí ihò náà tán, gbogbo olè tó bá gbọ́ ni yóò ti gba ibẹ̀ wọlé. Lójú Rẹ̀mílẹ́kún ló ṣe pa ìkíni náà rẹ́. Asẹ́ tuntun yóò wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹjọ́ bá wáyé, ó ní, lẹ́yìn náà kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ mọ́. Ó wá kọ ẹ̀rí tí Rẹ̀mílẹ́kún yóò jẹ́ sílẹ̀ fún un: pé Ojúde pé, pé kò sí ibi kankan tó jò lára rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún bi í pé Bàbá Ikúmápàyí ńkọ́.

"Àbúrò rẹ ló kú, Rẹ̀mí," ni ọ̀gá náà wí. "Ìwọ kọ́ ló yẹ kó máa wá ẹni tí yóò gba bàbá yẹn sílẹ̀."

Báyìí ni kò fi sí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè nawọ́ sí pé òun rèé. Ihò yẹn nìkan ló kù, tí yóò ṣí títí di ìrọ̀lẹ́. Kóòtù kì í sì í gba àbá. Bí èèyàn bá ní ẹ̀gbà lè sọ ohun tí olówó rẹ̀ kò sọ, àfi kó fi hàn wọ́n. Kó tó lè fi hàn wọ́n, àfi kó ṣe é, ẹni tó bá sì ki àṣẹ bọ inú ìkànnì ìlú, ẹ̀yìn odi ni tirẹ̀ náà.

Gbọ̀ngàn ti kún nígbà tó wọlé. Bàbá Ikúmápàyí dúró nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Wọ́n ti bọ́ ẹ̀gbà rẹ̀, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ sì pọ́n ju ara rẹ̀ yòókù lọ, ó ń fi ọwọ́ kejì bò ó bí ẹni tó wà ní ìhòòhò. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sí iwájú pátápátá, lórí bẹ́ǹṣì àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, níbi tí ẹ̀rí gbogbo ti máa ń wọlé sórí ẹ̀gbà èèyàn ní àkókò kan náà pẹ̀lú ti adájọ́. Ọ̀gá Lánìíhùn jókòó sẹ́yìn ìyá náà.

Adájọ́ Fadérera kì í fi àkókò ṣòfò. Ó pe ẹjọ́, ó ní kí wọ́n tún gbé ohùn Bàbá Ikúmápàyí jáde, ohùn náà sì dún nínú gbọ̀ngàn, ó tutù, ó já gaara: Ilẹ̀kùn omi, ṣí. Bàbá náà mi orí. Ó ní òun mọ̀ pé ohùn òun ni, òun kò mọ ìgbà tó ti ẹnu òun jáde. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá pe Rẹ̀mílẹ́kún láti iléeṣẹ́ Ojúde pé kó wá fi ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀rí méjì ló wà lórí ẹ̀gbà rẹ̀. Èyí tí ọ̀gá rẹ̀ kọ wà lókè, tirẹ̀ wà nísàlẹ̀. Èkejì yìí kúrú lójú: Mo jẹ́rìí pé Ojúde ní ihò. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ni àmì kékeré yẹn wà, àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé Ọ̀gá Lánìíhùn ń wò ó, ó sì rí i pé ọ̀gá náà ti mọ̀. Ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ kí ọ̀gá náà tó lè dìde.

Akọ̀wé gbé ẹ̀gbà rẹ̀ sókè láti kà á síta.

"Olúwa mi," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, "mo bẹ̀ yín, ẹ fi ojú ara yín kà á. Ẹ má jẹ́ kí akọ̀wé bá yín kà á."

Adájọ́ na ọwọ́ sí akọ̀wé pé kó dúró. Ó bi Rẹ̀mílẹ́kún pé kí nìdí. Rẹ̀mílẹ́kún ní ẹ̀rí òun kò ṣeé gbọ́ létí, pé àfi kí adájọ́ kà á. Ojú adájọ́ yí padà. Ogún ọdún ló ti ń wo ojú èèyàn lórí àga yẹn, ó sì mọ ìgbà tí ẹnì kan bá ń darí òun lọ síbì kan. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbà rẹ̀, kò ṣí i.

Ìgbà yẹn ni Rẹ̀mílẹ́kún rí ìyá rẹ̀ tó tẹrí ba. Obìnrin náà ti yọ awò ojú rẹ̀ láti inú àpò, ó ti gbé e wọ̀, ó sì gbé ẹ̀gbà sún mọ́ ojú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ó wí.

Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó fi ìka kan tẹ ẹ̀gbà.

Ní kóòtù, ohunkóhun tí ẹ̀gbà bá jẹ́wọ́, síta ló ń jẹ́wọ́ rẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Iná pupa tàn yí ọrùn ọwọ́ obìnrin náà ká, ohùn rẹ̀ sì jáde láti ara ẹ̀gbà, ohùn tó fi ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré: "Èmi, Tinúadé, ni mo ṣí ilẹ̀kùn omi Àdúgbò Ẹrẹ̀."

Ẹnu ìyá náà wà ní pípadé. Ó wo ẹ̀gbà rẹ̀. Ó wo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti ń sún kúrò lára rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ rẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ lórí ẹ̀gbà kì í dúró de ìbéèrè. Ọlọ́pàá kóòtù ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, ó sì gbé e dìde. Kò fi ipá ṣe é, ṣùgbọ́n kò tún fi í sílẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ti kúrò níbi tó dúró sí, akọ̀wé sì dí i lọ́nà. Ó ń sọ fún adájọ́ pé kó ṣí i, kó jọ̀ọ́ kó ṣí i, ìyá òun kò sọ ohunkóhun, òun lòun fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, èyí gan-an ni ẹni tó fi orúkọ òkú kí ìlú káàárọ̀ ṣe fún Bàbá Ikúmápàyí. Ẹ̀rù tó bà á kọjá ti ẹ̀yìn odi. Bí adájọ́ kò bá ṣí i, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ti jẹ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí, òfin ìlú yóò sì mú ìyá tó ń sunkún ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó pa ọmọ náà.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Bàbá Ikúmápàyí.

"Ẹ fi ìyá yẹn sílẹ̀," ó wí fún ọlọ́pàá náà. "Òun kọ́. Bó ṣe ń wo ọwọ́ rẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe wo tèmi."

Adájọ́ yíjú sí Ọ̀gá Lánìíhùn, ó pè é ní orúkọ, ó sì bi í bóyá ẹ̀gbà lè sọ ohun tí ẹni tó dè é kò sọ. Ọ̀gá náà dìde. Bí ó bá ní rárá, Tinúadé ni yóò lọ sẹ́yìn odi. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ohun tó ti ń ti lẹ́yìn láti ọjọ́ yìí ni yóò wó lulẹ̀. Ó wo apá obìnrin náà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, apá kan náà tí òun fúnra rẹ̀ dì mú lẹ́bàá kòtò. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó sì jókòó padà.

"Mo ti gbọ́ èyí tí ẹ kò sọ," ni Adájọ́ Fadérera wí.

Ó gbé ẹ̀gbà rẹ̀ síwájú ojú. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó fẹ́ ṣe, òun náà sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ṣí ẹ̀rí náà, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìyára. Iná pupa tàn. Ohùn adájọ́ dún láti ọwọ́ ara rẹ̀ pé òun, Fadérera, ni òun ṣí ilẹ̀kùn omi Àdúgbò Ẹrẹ̀. Ó tẹ́tí gbọ́ ọ dé ìparí bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́ ẹlòmíràn.

Ọlọ́pàá náà fi apá Tinúadé sílẹ̀. Kò mọ ẹni tí yóò mú mọ́.

Adájọ́ ní òun kò sọ ọ́. Ó ní bí òun kò bá sọ ọ́, ìyá yìí náà kò sọ ọ́, kò sì sí ẹ̀rí kankan mọ́ pé Ikúmápàyí sọ ọ́. Ó tú bàbá náà sílẹ̀. Ó ní kí Ọ̀gá Lánìíhùn ti Ojúde pa níbẹ̀ níwájú òun, kó sì wà ní títì títí asẹ́ tuntun yóò fi wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sì tún lọ sẹ́yìn odi nítorí ohùn ẹ̀gbà nìkan títí ìgbìmọ̀ ìlú yóò fi jókòó lórí òfin náà. Ó ní wọn yóò wá ẹni tó gbé orúkọ òkú wọ̀ láti kí wọn káàárọ̀. Ìgbà yẹn ló tó wo Rẹ̀mílẹ́kún. Ó ní ohun tí òfin kọ̀ ló ṣe, ojú òun ló sì ṣe é, òun kò ní díbọ́n pé òun kò rí i. Kí wọ́n fi í sí yàrá ẹ̀gbẹ́ kóòtù títí ìgbìmọ̀ yóò fi gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Bẹ́ǹṣì kan ló wà nínú rẹ̀ àti ilẹ̀kùn onírin tó ní ojú àlàfo. Rẹ̀mílẹ́kún jókòó, ó ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn tó ń jáde, àwọn tó ń jiyàn, ẹnì kan tó ń bi ọkọ rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ló fọwọ́ sí ilé wọn. Nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀, ìyá rẹ̀ wá dúró sẹ́yìn irin.

"O mọ̀ pé màá ṣí i," ni ìyá náà wí.

Rẹ̀mílẹ́kún lè sọ pé òun bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń kọ àṣẹ náà, ó ti kọ́kọ́ fi gbólóhùn kan sí i tí kò ní jẹ́ kó kan ẹ̀gbà ìyá rẹ̀, ó sì ti padà pa á rẹ́, nítorí ó ronú pé bí kóòtù bá rí i pé òun yọ ẹbí òun sílẹ̀, wọn yóò ní ẹ̀tàn ni.

"Mo mọ̀, Màámi."

Ìyá rẹ̀ di irin mú. Ó ní òun gbọ́ ohùn òun tó ní òun lòun pa Akínrẹ̀tí, kò sì sí bí òun ṣe máa ṣe é tí òun kò ní máa gbọ́ ọ nígbà tí òun bá dùbúlẹ̀. Kò sunkún. Rẹ̀mílẹ́kún ló ń sunkún.

Bàbá Ikúmápàyí gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ tó wá mú un lọ sílé. Ó dúró. Kò mọ ohun tí yóò sọ fún ẹni tó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n lé òun sínú omi. Ó ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra o." Tinúadé tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá," bàbá náà sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọlọ́pàá kóòtù wá sọ fún Tinúadé pé wọ́n fẹ́ ti àgbàlá. Ó ní ìgbìmọ̀ lè má jókòó kíákíá, pé kó máa lọ sílé, wọn yóò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbà rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé. Tinúadé bọ́ ẹ̀gbà náà, ohun tí àgbàlagbà kankan kì í ṣe ní Odi-Ìdẹ̀ra, ó gbé e lé ọlọ́pàá náà lọ́wọ́. Ó ní bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ bá òun sọ, kí wọ́n wá sọ ọ́ fún òun níbí. Ó wá wo ọmọ rẹ̀ láti àlàfo irin.

"N kò tíì dárí jì ọ́," ó wí.

"Mo gbọ́, Màámi."

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà, ó sì jókòó lé e.